Dropper mi ń fà tìkọ̀ láti gòkè: ṣé mo lè tún un ṣe nílé?

Ẹlẹ́rẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Dropper (òpó ìjókòó kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sókè sódò) oníwáyà ni tèmi, wáyà rẹ̀ gba inú férémù, cartridge rẹ̀ (àgbá gáàsì tó ń gbé e sókè) sì jẹ́ èyí tí wọ́n dí pa. Nínú ẹrẹ̀ àti iyanrìn Surrey Hills, ní England, ni mo ti ń gùn ún. Ó ń lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ tó bá di pé kó gòkè, á máa fà tìkọ̀, á tún dúró nígbà tó bá ku díẹ̀. Ìjókòó náà ń mì sọ́tùn-ún sósì. Ṣé kí n tú u fúnra mi? Gíríìsì wo ni kí n lò?

Ọ̀gá Sípánà:
Ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ dẹ bóòtì kílíǹpù tó di òpó mú lára férémù, kí ẹ wá tẹ ọwọ́ tó ń ṣí dropper wò. Bó bá fò sókè, kílíǹpù ló le jù. Òpó ìta dropper fẹ́lẹ́, ẹni bá fún un jù á fún búùsì inú rẹ̀ (òrùka tí òpó inú ń yọ̀ gbà kọjá) mọ́ òpó tó ń lọ tó ń bọ̀. 5 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún bóòtì) tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sára tiyín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Bó bá ń yọ̀ wálẹ̀ nínú férémù, carbon paste (ọ̀rá oníyanrìn tí kì í jẹ́ kí òpó yọ̀) ni kẹ́ ẹ fi pa á, ẹ má fún un sí i.

Wáyà ló kàn. Ẹ tú u kúrò nísàlẹ̀ òpó, kí ẹ fi ìka ti ohun tó ń ṣí cartridge. Bó bá yára, wáyà tàbí rọ́bà tó bò ó ló ti dọ̀tí, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Wáyà tó dẹ̀ jù kì í ṣí cartridge tán, èyí tó le jù kì í sì jẹ́ kó tì.

Bó bá ṣì ń lọ́ra, a jẹ́ pé abẹ́ ọrùn, ìyẹn òrùka tí wọ́n yí mọ́ orí òpó ìta, ló wà. Ẹ gbé òpó sókè tán, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọwo fọ ọ́, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò fín in rárá, òun gan-an ló ń ti iyanrìn kọjá síìlì, rọ́bà tó ń dí ìdọ̀tí lọ́nà. Ẹ lẹ téèpù síbi tó ti wọ férémù kí gíga ìjókòó má baà yí. Bẹ́ ẹ bá ń fà á yọ, kí ọwọ́ kejì máa ti wáyà wọlé láti iwájú férémù, kó má baà ká.

Ọwọ́ lásán ló yẹ kó tú ọrùn náà. Bó bá le, ẹ wé awẹ́ tíúbù àlòkù mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó yí i. Pùláyà á ha á lára. Ẹ fà á sókè lórí òpó inú: nǹkan dúdú tó ki, tó ń ta ṣàkàṣàkà láàárín ìka, gíríìsì àtijọ́ àti iyanrìn nìyẹn. Ẹ fi àkísà tí kì í tú òwú àti isopropyl alcohol nù ún kúrò pátápátá. Bí ètè síìlì bá ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi èékánná ra òpó inú: ìlà tó bá gbé èékánná dúró á gé síìlì tuntun náà.

Gíríìsì Slickoleum ni kẹ́ ẹ lò, tàbí Slick Honey. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan tó fún ètè síìlì àti búùsì. Gíríìsì bíárìn ki jù, àgàgà nínú òtútù. WD-40 ńkọ́? Ńṣe ló máa ń fọ gíríìsì dànù. Ẹ fi ọwọ́ dí ọrùn padà.

Òkèlọmọ:
Àfikún sí ti Ọ̀gá. Mímì yẹn, àwọn pínnì idẹ ló fà á. Àwọn ni kì í jẹ́ kí ìjókòó yí po, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ. Kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ ní láti tú ohun tó di cartridge mú nísàlẹ̀, kí òpó inú lè jáde tán. Oríṣiríṣi ìwọ̀n ni wọ́n, pẹ̀lú nọ́ńbà tàbí àmì lára. Ẹ wo ti inú rẹ̀, kí ẹ ra èyí tó fi díẹ̀ jù ú lọ, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo wọn pọ̀. Bó bá há, ẹ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Mímì díẹ̀ ní imú ìjókòó kì í ṣe àìsàn o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí cartridge fúnra rẹ̀. Gáàsì tí wọ́n tì mọ́ inú rẹ̀ lè ṣe èèyàn léṣe. Bí ìjókòó bá ń rì bíi fóòmù nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó lé e, gíríìsì ọrùn kò lè wò ó, cartridge tuntun ló kù.

Erukuọyẹ́:
Fún àwa tá a wà nílẹ̀ Yorùbá: bẹ́ ẹ bá pa gíríìsì tán, ẹ mú un lọ sókè sódò bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí ẹ nu èyí tó yọ síta. Èyí tó bá kù lára òpó, eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, síìlì á sì máa fà á wọlé. Ẹni tí kò bá rí Slickoleum lè lo gíríìsì silicone tí àwọn púlọ́ńbà ń lò fún rọ́bà.

Ẹlẹ́rẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìgbà wo ló yẹ kí n máa tú ọrùn náà?

Ọ̀gá Sípánà:
Nínú ẹrẹ̀ Surrey, lóṣooṣù ní ìgbà òtútù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lè fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ti pínnì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó. Ẹ má sì máa di ìjókòó mú gbé kẹ̀kẹ́ nígbà tó bá wà nísàlẹ̀, nínú òmíràn ó máa ń fa atẹ́gùn wọ inú cartridge.