Ṣé kí n gbà kí orin mi di ti onísítúdíò?

Onígìtá Abẹ́òkúta: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oríkì ìyá àgbà mi ni mo fi ń kọ orin sí gìtá. Onísítúdíò kan ní òun á gbà á sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n orin náà á di ti òun. Ṣé kí n gbà?

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: Rárá, àbúrò! Lábẹ́ òfin kọ́píráìtì (ẹ̀tọ́ ẹni lórí iṣẹ́ tó ṣe) Nàìjíríà ti 2022, orin tí o bá ti kọ sílẹ̀ ti di tìrẹ, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. (Wàá pẹ́ láyé o.)

Ìyá Onílù: Fi fóònù rẹ gbà á sílẹ̀ lóru, nínú yàrá tí aṣọ kún, kó má baà dún bíi ti inú gbọ̀ngàn. Kí o sì wá onígángan. Oríkì ń fẹ́ ìlù tó ń sọ̀rọ̀.

Onígìtá Abẹ́òkúta: Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo mọ onígángan kan ní Ìtòkú.