Ọ̀pá méjì ni mo fi ń rìn: báwo ni mo ṣe lè máa wọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Yábàá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Rọpárọsẹ̀ ló mú mi lẹ́sẹ̀ láti kékeré. Ìkòròdú ni mò ń gbé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ aṣọ rírán sí Yábàá.

Dáńfó kò ṣeé wọ̀ fún mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀pá mi kan bọ́ sílẹ̀ níbi tí mo ti ń wọlé, ọkọ̀ sì ti ń lọ. Ìyá kan ló yára dì mí mú. Ẹkún ni mo sun dé ibi iṣẹ́.

BRT, ìyẹn bọ́ọ̀sì ńlá akérò, sàn jù, ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ tó gba Mile 12 àti Kétu kọjá. Àmọ́ ìlà ni ìṣòro. Tí mo bá tò pẹ́ lórí ọ̀pá, gbogbo apá mi á kú, ojú a sì máa tì mí láti bẹ àwọn tó wà níwájú. Mo mọ̀ pé òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 ní kí awakọ̀ dúró fún irú wa, kí àwọn èrò sì ràn wá lọ́wọ́. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ èyí ní páàkì tí kò fi ní dìjà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ mí, aago mélòó lẹ ń jáde? Ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó tò? Ẹnì kan ní kí n lọ wọ ọkọ̀ ojú irin Agbádó sí Òyìngbò ní Ìkẹjà, torí ó ń dúró ní Yábàá. Ṣé mo lè dé inú rẹ̀ láìgun àtẹ̀gùn? Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Ajé ni mo tún ń jáde.