Àìjánikulẹ̀ ni mo fara mọ́, kì í ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin ará. Àgbà wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fẹ́ kí a wá orúkọ fún iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe kí táńsísítọ̀ (ohun kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún iná, tó sì ń tì í) tó ń darí ojú tẹlifíṣọ̀n má bàa tètè daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dábàá "awakọ̀" (driver lédè Òyìnbó) fún apá tó ń darí àwọn ìlà àwòrán, "ìgbẹ́kẹ̀lé" (reliability) fún ìwà tí à ń wá lára rẹ̀, àti "ìloro" (threshold) fún ìwọ̀n iná tí táńsísítọ̀ gbọ́dọ̀ rí kó tó ṣí. Ìloro tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá. Àwọn méjì yòókù ni mo fẹ́ kí a tún yẹ̀ wò.

Mo gbé tẹlifíṣọ̀n wa lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún un ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Òkè ojú rẹ̀ mọ́ kedere: gèlè obìnrin tó ń ka ìròyìn, iwájú orí rẹ̀, títí dé imú. Láti ìsàlẹ̀ imú, eérú lásán. Ọmọ náà fi ìka tọ etí pánẹ́ẹ̀lì náà, ìyẹn gíláàsì ojú tẹlifíṣọ̀n, wálẹ̀, ó dúró lójú kan, ó ní, "Ibí ló já sí, mà. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ò rí iṣẹ́ gbà mọ́."

Àlàyé tó péye nìyẹn. Bí ojú tẹlifíṣọ̀n bá ní ìlà 1080, tí àwòrán rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ yà nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, a jẹ́ pé nǹkan bí ìdá 15 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá ni ìlà kọ̀ọ̀kan ní láti gba àwọ̀ tirẹ̀. Apá tó ń pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan la fẹ́ máa pè ní awakọ̀. Ọkọ̀ wo ló ń wà? Bí tíṣà ṣe ń pe rẹ́jístà láàárọ̀ ló ń ṣe. Mo dábàá "apèlà". Ẹnìkan ti mú "ajílà" wá, torí ó ń jí ìlà lójú oorun. Ṣùgbọ́n jí yẹn àti jí ti olè kò yàtọ̀ létí rárá.

Nínú ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì, orí gíláàsì fúnra rẹ̀ ni wọ́n tẹ apèlà yìí sí, ìlà tí wọ́n bá sì pè ló ń fa èyí tó tẹ̀ lé e. Táńsísítọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú 1080, ó ń sinmi ìyókù. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú apèlà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pa ìlà lẹ́nu mọ́ nígbà tí kò bá kàn án, ìyẹn ni pé kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Iná tó ń tẹ géètì rẹ̀ (ẹnu ọ̀nà tí iná ń gbà pàṣẹ fún un) láìdẹwọ́ ń há sínú awọ ààbò tó wà nídìí géètì, ó sì ń já àwọn ìsopọ̀ inú sílíkọ́nì tí wọ́n fi ṣe é. Díẹ̀díẹ̀, ìloro ń ga. Táńsísítọ̀ náà kò kú o; ìloro ló ga kọjá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìlà tí kò kàn á wá sọ̀rọ̀, èyí tó kàn kò gbọ́ ìpè, gbogbo ìsàlẹ̀ sì dàrú.

Àtúnṣe kan tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi méjì síbẹ̀, wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá ń di ìlà mú, èkejì ń sinmi. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fún ẹni tó ń sinmi ní iná òdì kí ìloro rẹ̀ lè wálẹ̀.

Ṣé ìgbẹ́kẹ̀lé wá nìyẹn? Inú ọkàn ènìyàn ni ìgbẹ́kẹ̀lé ń gbé. Mo lè gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó ti jẹrà. Ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ ń wọ̀n wà lára nǹkan náà. "Ìtọ́jọ́" sún mọ́ ọn, àmọ́ pánẹ́ẹ̀lì lè tọ́jọ́ kó má sì jí láàárọ̀ òtútù, torí iná kì í sáré dáadáa nínú irú sílíkọ́nì yẹn bí òtútù bá mú. Àìjánikulẹ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Já tí ọmọ Mọ́kọ́lá sọ ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀, já bí okùn ṣe ń já. Ẹni tó bá ní ó gùn, ẹ ka sílébù inú "àìgbọ́dọ̀máṣe": mẹ́fà náà ni, ojoojúmọ́ la sì ń sọ ọ́.

Orúkọ táńsísítọ̀ ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn tó ṣe é gan-an ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, jiyàn lórí orúkọ rẹ̀ lọ́dún 1948. Ìbò ni wọ́n dì, "Iotatron" wà lára àwọn tó fìdí rẹmi. Orúkọ tó wọlé ti wọ rédíò àwọn bàbá wa.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sínú gbólóhùn yìí, ká jọ gbọ́ bó ṣe dún: "Nítorí àìjánikulẹ̀ apèlà, táńsísítọ̀ méjì ló ń di ìlà kọ̀ọ̀kan mú ní ìgbà-ń-gbà, kí ìloro wọn má bàa ga."