Ṣé kí n ṣí fèrèsé ni, àbí kí n tì í pa?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbi tí mò ń gbé, ooru ti ń wọlé, gbogbo ilé wá rin bí aṣọ tí a kò fún dáadáa. Mo ní kí n palẹ̀ ilé mọ́ tinú-tòde. Bí mo ṣe fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ti bu, àfi bí ẹni ta aró sí i! Bàtà awọ tí n kò wọ̀ láti oṣù mẹ́rin ti bu, ó hu irun funfun.

Mo fi fínígà nu ògiri, ó mọ́, àmọ́ kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó tún bu. Mo wá lo bílíìṣì lọ́jọ́ mìíràn (n kò pò wọ́n pọ̀ o, èéfín wọn léwu). Ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń wọn ọ̀rinrin inú yàrá ń ka 75%, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní kò yẹ kó ju 60% lọ.

Ìyàwó mi ní ká máa ṣí fèrèsé tọ̀sán-tòru. Lójú tèmi, ọ̀rinrin ìta là ń pè wọlé yẹn.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí ìta náà bá rin báyìí, ṣé ká ṣí fèrèsé ni, àbí ká tì í, ká ra ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.