Oúnjẹ ni, eré ìdárayá ni, àbí ká pa méjèèjì pọ̀? Ẹ sọ ìrírí yín

Ìyá Dára (Adó-Èkìtì): Mo kí gbogbo ilé o. Dókítà ní kí n dín ara kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkọ mi ní oúnjẹ ni kí n mójú tó, àbúrò mi ní ìrìn òwúrọ̀ nìkan ti tó. Ẹni tí ó bá ti ṣe ọ̀kan nínú wọn, tàbí tí ó pa wọ́n pọ̀, kí ó jọ̀wọ́ sọ bí ó ṣe rí.

Tíṣà Ìjerò: Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń rìn láàárọ̀. Mo ń sùn dáadáa, orúnkún mi kò sì dùn mí bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara mi kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ alẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, tí mo sì dín òkèlè kù.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ̀yin Tíṣà, àwọn àgbẹ̀ wa ńkọ́? Wọ́n ń jẹ iyán tọ̀sán-tòru, ta ni ó sanra nínú wọn?

Tíṣà Ìjerò: Ọmọ mi, ẹni tí ó ń kọ ebè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ èmi tí mo rìn díẹ̀ tí mo wá padà sórí àga.

Nọ́ọ̀sì Ìdó: Òótọ́ ni Tíṣà sọ. Àwọn olùwádìí kan ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 2012 lórí obìnrin 439 tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tí wọ́n ṣọ́ oúnjẹ nìkan dín ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù. Àwọn tí wọ́n ṣe eré ìdárayá nìkan dín 2.4 kù, àwọn tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ dín 10.8 kù.

Bàbá Fẹ́mi: Ṣé àwọn ará Seattle mọ iyán ni?

Ìyá Oníyán (Ìkọ̀lé): Ẹ fi iyán sílẹ̀ o. Oníbàárà mi tí ó ní òun ń ṣọ́ra yóò ní kí n bu iyán kékeré, yóò sì tún ní kí n fi ṣàkì, pọ̀nmọ́ àti ẹran méjì sí i, kí n sì bu òróró tí ó léfòó lójú ọbẹ̀ kún un. Bí ó bá jókòó tán, yóò béèrè ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù. Ta ni ó wá ń sanra fún, èmi tàbí ọbẹ̀?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ìyá, ọjà yín ni ẹ ń gbèjà. Wọ́n ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Kí Ìyá Dára kúkú máa jẹ oògùn.

Nọ́ọ̀sì Ìdó: Iṣu náà ni àmàlà. Bí ó ṣe pọ̀ tó nínú àwo ni ọ̀rọ̀ wà.

Aya Ọyẹ́: Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni wàhálà àwọn ẹbí. Mo dín oúnjẹ kù gan-an láìṣe eré ìdárayá kankan, mo sì rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n eegun ọrùn mi yọ síta, aṣọ sì ń já bọ́ léjìká mi. Níbi ìsìnkú kan ní Ọyẹ́, ìyá ọkọ mi fà mí lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n rọra bi mí bóyá ọmọ àwọn kì í fún mi lówó oúnjẹ mọ́. Kí n tó dáhùn, àbúrò wọn ti ń béèrè bóyá mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n gbé iyán kalẹ̀, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi fọ àwo náà mọ́.

Bàbá Fẹ́mi: Gbèsè ni wọ́n ní ó ń pa èmi.

Olùfẹ́ Òkè (Ẹ̀fọ̀n): Wọ́n gba ààwẹ̀ nítorí tèmi ní ṣọ́ọ̀ṣì! Èmi tí mo ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n láràárọ̀ tí mo sì dín oúnjẹ kù, tí ara mi le koko.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: N kò gbà á gbọ́. Ààwẹ̀ nítorí ẹni tí ó ń gun òkè?

Nọ́ọ̀sì Ìdó: Aya Ọyẹ́, ẹ má bínú sí ìyá yín. Ẹni tí ó dín oúnjẹ kù nìkan máa ń pàdánù ẹran ara pẹ̀lú ọ̀rá. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2011 lórí àwọn àgbàlagbà 107 tí wọ́n sanra jù, àwọn tí wọ́n ṣọ́ oúnjẹ nìkan pàdánù ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ara tí kì í ṣe ọ̀rá. Ti àwọn tí wọ́n fi eré ìdárayá kún un jẹ́ ìdá 3. Nítorí náà, ẹ máa gbé nǹkan tí ó wúwo díẹ̀, kì í ṣe ìrìn nìkan.

Bàbá Fẹ́mi: Kí ẹni tí yóò jẹ iyán máa gún un fúnra rẹ̀, ó parí.

Aya Ọyẹ́: Ẹ̀rọ ni a fi ń gún un nílé wa báyìí, sà.

Ìyá Oníyán (Ìkọ̀lé): Iyán ẹ̀rọ kì í dùn tó ti inú odó.

Tíṣà Ìjerò: Bí kò bá dùn, a kò ní jẹ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ wọn.