Mo wà ní Camden nígbà tí wọ́n tú iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú náà ká

Ọdún mẹ́wàá ni mo fi gbé ní Camden, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, tí odò Delaware pààlà láàárín òun àti Philadelphia. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe ní ilé ìwòsàn, níbi tí mo ti ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, nítorí náà ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń kà nínú ìwé ìròyìn nípa ìlú náà, lórí bẹ́ẹ̀dì ni èmi ti ń rí i.

Láti ọdún 2008 ni Scott Thomson ti di ọ̀gá ọlọ́pàá níbẹ̀, ẹrù tí ó sì bá nílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn ọlọ́pàá kan ti ń di oògùn olóró mọ́ àwọn aláìṣẹ̀ lára kí wọ́n lè rí wọn tì mọ́lé, nígbà tí àṣírí sì tú, ilé ẹjọ́ fagi lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹjọ́, ìjọba ìlú sì gbà ní ọdún 2013 láti san mílíọ̀nù 3.5 dọ́là fún àwọn 88 tí ọ̀ràn náà kàn. Yàtọ̀ sí èyí, owó ti tán lápò ìjọba kí ó tó di ìgbà náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011, wọ́n dá ọlọ́pàá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2012, ènìyàn 67 ni wọ́n pa ní ìlú tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò pé 80,000.

Nígbà tí wọ́n kéde pé wọn yóò tú gbogbo iléeṣẹ́ ọlọ́pàá náà ká, tí ìjọba káúńtì, èyí tí ó ga ju ti ìlú lọ ṣùgbọ́n tí kò tó ti ìpínlẹ̀, yóò sì dá òmíràn sílẹ̀, mo sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó pẹ́ kí ìdí rẹ̀ tó yé mi. Àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti bá ìjọba ṣe ni ó de ọ̀gá náà lọ́wọ́, nítorí pé ó mú kí owó tí ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan ń ná ìjọba ga, kò sì jẹ́ kí ó rọrùn láti kó àwọn tí ó wà ní ọ́fíìsì jáde sí títì. Bí iléeṣẹ́ bá kú, àdéhùn kú pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 2013 ni àwọn tuntun gba iṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ padà ní láti kọ̀wé béèrè iṣẹ́ bí ẹni tí kò ṣe é rí, àwọn kan sì kọ̀ jálẹ̀. Èmi kò bá wọn wí, nítorí pé àwọn tí ó ti fi òótọ́ inú sìnlú wà lára wọn, tí wọ́n sì da ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ pọ̀ mọ́ tiwọn.

Thomson ní kí àwọn tuntun máa fẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n sì máa kan ilẹ̀kùn àwọn ará àdúgbò. Oorun ọ̀sán ni mo ń sùn nígbà tí wọ́n kan tèmi. Àyà mi já, nítorí pé ní Ìbàdàn tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bí ọlọ́pàá bá kanlẹ̀kùn, ohun tí a kọ́kọ́ ń bi ara wa ni ta ni ó fẹjọ́ sùn. Ọmọkùnrin kan ni, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó sì béèrè ohun tí ń dà wá láàmú. Ìyá àgbà aláwọ̀ dúdú tí ilé wa fara kan ara ni ó dá a lóhùn: iná títì tí ó ti kú, àti ilé òfìfo tí àwọn ọmọ ń ta oògùn nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, tìkẹ́ẹ̀tì owó ìtanràn wá pọ̀ bí omi òjò, torí kẹ̀kẹ́ tí kò ní agogo tàbí ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ dúdú jù, àwọn aráàlú sì ń kùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá nípa bí a ṣe ń fi ohùn tu ènìyàn lójú bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ọkùnrin kan fa ọ̀bẹ yọ ní títì. Àwọn ọlọ́pàá yí i ká, wọ́n ń bá a rìn lọ, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi mú un láìyin ìbọn. Ní ọdún 2019, wọ́n fi í sínú ìlànà pé ọlọ́pàá tí ó bá rí i tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo agbára kọjá ààlà gbọ́dọ̀ dá a dúró.

Èyí tí èmi fúnra mi rí ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn tí ìbọn bà wá nínú ọkọ̀ tiwọn, láìdúró de áńbúláǹsì. Mo rántí ọlọ́pàá kan tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn kún aṣọ rẹ̀, tí ó ń bi mí bóyá ọmọ náà yóò yè. Mo ní kí ó lọ bi dókítà. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní ọdún 2019 tí Thomson fẹ̀yìn tì, iye àwọn tí wọ́n pa ti wálẹ̀ sí 25. Nígbà tí mo sọ iye náà fún ìyá àgbà náà, ó ní ọmọkùnrin tí ó kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ ńkọ́? Ó ti rí iṣẹ́ ọlọ́pàá tí owó rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlú mìíràn kí ọdún kejì tó pé. Òmíràn tún ti kan ilẹ̀kùn, ìyá sì tún ti bẹ̀rẹ̀ láti orí iná títì.