Àwọn àgbẹ̀ wa gbé tòmátì wa fún ẹlòmíràn: ṣé ká tún bá wọn dòwò pọ̀?

Ìyá Aláta, Mile 12:
Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mò ń wá. Àwa obìnrin 9 la dáwó jọ lọ́dún tó kọjá, a fún àwọn àgbẹ̀ kan lápá Ìsẹ́yìn lówó irúgbìn àti ajílẹ̀. Àdéhùn ni pé ₦22,000 ni wọ́n á máa ta kéréètì kan fún wa. Àwa náà la kó kéréètì oníke lọ bá wọn, torí apẹ̀rẹ̀ ti fojú wa rí màbo: ẹ ó tú u láàárọ̀, ti òkè á pọ́n dẹ̀dẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á ti fọ́ yánkan-yànkan, omi rẹ̀ á máa ṣàn sí yín lẹ́sẹ̀.

Nígbà tó di oṣù keje, tòmátì Òkè Ọya ti wọ́n lọ́jà, owó bá fò sókè. Kéréètì 60 là ń retí, 18 ló dé. Wọ́n ti ta ìyókù fún ẹni tó kó owó wá bá wọn lóko. Wọ́n ti tún wá bẹ̀ wá báyìí. Àwọn kan nínú wa ní ká lọ, àwọn kan ní láéláé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?

Olóúnjẹ, Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀! Ọjọ́ tí tòmátì ò bá dé, èmi làwọn oníbàárà máa ń bínú sí.

Àgbẹ̀, Ìsẹ́yìn:
Ẹ má bínú, ìyá mi. Wọn ò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín: tí tòmátì bá kún ọjà, tí kéréètì wálẹ̀ sí ₦9,000, ṣé ẹ ó ṣì san ₦22,000 yẹn? Mo ti jókòó sẹ́bàá oko rí, kí oníbàárà máa sọ fún mi lórí fóònù pé ọjà ò yá, tí tòmátì ń jẹrà lójú mi. Ọdún yẹn kò sẹ́ni tó rántí àdéhùn.

Ìyá Aláta, Mile 12:
Kò sí i nínú àdéhùn wa. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mi ò purọ́.

Òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, Agége:
Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ní 2015 tí Báǹkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Anchor Borrowers, wọ́n yá àgbẹ̀ ní irúgbìn àti ajílẹ̀, kó fi irè oko san án padà, kí ilé iṣẹ́ tó nílò irè náà sì rà á. Ọ̀pọ̀ ló ta irè wọn síta tí wọn ò san gbèsè. Òǹtẹ̀ ìjọba nìkan ò lè de àdéhùn. Ṣùgbọ́n ìjọba wúlò: ẹ forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín sílẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ náà ṣe tiwọn, kí ẹgbẹ́ bá ẹgbẹ́ ṣàdéhùn. Ẹ má fowó lé wọn lọ́wọ́ mọ́. Ẹ ra irúgbìn àti ajílẹ̀ fúnra yín. Lọ́jọ́ ìkórè, kí ẹnìkan nínú yín wà lóko pẹ̀lú òṣùwọ̀n, torí kéréètì tí wọn ò wọ̀n, ìjà ló máa ń dá sílẹ̀.

Awakọ̀ ẹrù, Kétu:
Ẹ má gbàgbé ọkọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká di ẹrù nírọ̀lẹ́, ká wọ Mile 12 kílẹ̀ tó mọ́. Tòmátì tí oòrùn ọ̀sán bá ká mọ́nú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ ti pàdánù ìdajì rẹ̀. Kí ẹ sì pinnu ẹni tó máa sanwó tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà, torí èmi ni wọ́n máa ń dá a lé lórí.

Ìyá Aláta, Mile 12:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ẹnìkejì mi ń lọ sí Ìsẹ́yìn. Bàbá àgbẹ̀, tí ọjà bá gbówó lórí ju iye àdéhùn lọ, báwo ni ká ṣe pín owó tó lé?

Àgbẹ̀, Ìsẹ́yìn:
Ìdajì-ìdajì, mà. Tó bá sì wálẹ̀, ẹ dá iye kan tí ẹ ò ní san kéré sí. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ tó ra irúgbìn.